Kí Ni Ẹ Wí Sí I?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni. A fẹ́ sọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè èrò ọkàn ẹlòmíràn, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá sí àárín àwọn àgbà wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, tí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé nìkan ni èyí, kí ó fi sùúrù ka ohun tí ojú wa rí.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwa jókòó sí ìpàdé kan ní Ìsọlọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà kékeré kan tí ó wà létí títì ni ó kó wa jọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé tí ó sì ní ìwà pẹ̀lẹ́, dìde, ó kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, ó sì béèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé: “Don’t you think the market should be moved back from the road?” Ògbufọ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní, “Wọ́n ní, ṣé ẹ̀yin kò rò pé ó yẹ kí á sún ọjà náà sẹ́yìn kúrò létí títì?” Bàbá kan tí ó jókòó níwájú, ẹni tí gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀, mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni o, bẹ́ẹ̀ ni.” Ògbufọ̀ yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní, “Yes.” Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àgbà fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà kò fọwọ́ sí i. Ohun tí Bàbá ń wí ni pé, bí o ti wí i gan-an ni ó rí, àwa kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òṣìṣẹ́ náà béèrè bí a ti kọ́ ọ láti máa béèrè. Ògbufọ̀ kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Bàbá dáhùn bí ọmọlúàbí. Akọ̀wé kọ ohun tí ó gbọ́. Síbẹ̀, ìwé tí ó jáde láti inú ìpàdé náà dojú ọ̀rọ̀ dé pátápátá. Àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì wà níjókòó níbẹ̀ pẹ̀lú. A mọ̀ pé nǹkan wọ́, ṣùgbọ́n a rò pé ẹlòmíràn yóò sọ ọ́. Ẹlòmíràn náà sì rò pé àwa ni a ó sọ ọ́. Nígbà tí a fi máa dìde, wọ́n ti kọjá sí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ìpàdé kejì ni a fi tún un ṣe, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti ìtìjú. Ìtìjú náà ni ó mú wa kọ ìwé yìí.

Kí ni ó fa àṣìṣe náà? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé “Don’t you think”, ó fi “kò” sínú ìbéèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n “kò” náà kì í ṣe kíkọ̀. Ọ̀nà tí ó fi ń rọra ti ènìyàn síhà ibi tí òun tìkára rẹ̀ dúró sí ni. Ó ti ní èrò tirẹ̀; ó ń fẹ́ kí o wá bá òun níbẹ̀. Bí o bá sì dá a lóhùn pé “Yes”, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni “Yes” rẹ ń bá lọ: ó yẹ kí ọjà kúrò. Bí o bá wí pé “No”, kò yẹ kí ó kúrò. Gẹ̀ẹ́sì kò ka “kò” tí ó wà nínú ìbéèrè náà sí rárá nígbà tí ó bá ń dáhùn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni” wa kì í bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lọ. Gbólóhùn ẹni tí ó béèrè ni ó ń bá lọ. Bí ìyàwó bá bi ọkọ rẹ̀ pé, “Ṣé ẹ kò tíì jẹun?” tí ọkọ sì wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni,” ìyàwó yóò dìde lọ gbé oúnjẹ wá, nítorí pé ó mọ̀ pé ebi ń pa á. Bí ó bá ti jẹun, yóò wí pé, “Ó tì, mo ti jẹun.” Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ṣi èyí gbọ́ nínú ilé wa. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni a ń sọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn ará Japan pẹ̀lú, bí wọ́n ti jìnnà sí wa tó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wọn ṣòwò sì ti jẹ ìyà rẹ̀ bí akọ̀wé ìpàdé wa. Kò sí èyí tí ó gbọ́n jù nínú ọ̀nà méjèèjì. Ewu wà níbi tí a bá ti fi ìdáhùn ti ọ̀kan há ìbéèrè ti èkejì lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìbéèrè náà nígbà tí kò bá ní “kò” nínú. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ mọ èrò ènìyàn, “What do you think?” ni ó máa ń wí. “Kí ni” ni ó fi ń béèrè, nítorí pé lójú tirẹ̀ èrò jẹ́ nǹkan kan tí ó wà nínú orí, tí a lè mú jáde kí á sì gbé e kalẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì a sì máa wí pé “How do you see it?” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wí pé “How do you think about it?” Ti àkọ́kọ́ yé Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ti èkejì ni yóò mú un dúró, nítorí pé létí tirẹ̀ ńṣe ni a ń bi í bí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Láti ilé wa ni “how” yìí ti wá. Àwa a máa wí pé, “Báwo ni ẹ ti rí i sí?” A máa wí pé, “Ojú wo ni ẹ fi wò ó?” A máa wí pé, “Kí ni ẹ rí sí i?” Ojú ni a fi ń béèrè èrò, kì í ṣe orí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ dà bí ẹrù tí a gbé sí àárín agbo, tí olúkúlùkù sì ń wò ó láti ibi tí ó jókòó sí. Ẹni tí ó wà lápá òsì kò lè rí ohun tí ti apá ọ̀tún rí. Nítorí náà ni a ṣe ń bi gbogbo wọn. Àwọn Hausa tí wọ́n ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ wa ní Òṣòdì a máa béèrè bákan náà pé, “Yaya ka gani?”, èyí tí í ṣe, báwo ni o ti rí i. Àwọn Ígbò aládùúgbò wa ní Ọ̀kọ́ta a sì máa wí pé, “Gịnị ka i chere?”, èyí tí í ṣe, kí ni o rò, gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìlú tí ó jẹ́ pé ní ìkànìyàn ọdún 2006 a ka 621,509 ènìyàn ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ nìkan, ẹ lè rí i pé oríṣìí ìbéèrè tí ń rìn káàkiri nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo kò kéré.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa a máa fi ọmọ ilé-ìwé tí ó bá wí pé “How do you see it?” ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Yorùbá tí ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni gbólóhùn náà, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà mọ̀ pé aṣọ náà kò bá a mu dáadáa, kí ó sì mọ èyí tí Gẹ̀ẹ́sì tìkára rẹ̀ ń wọ̀: “think” fẹ́ “what”, “feel” àti “find” fẹ́ “how”. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní ìdààmú tirẹ̀. “What is he like?” ń béèrè ìwà ènìyàn, “What does he like?” ń béèrè ohun tí ó fẹ́ràn, “How does he like it?” ń béèrè bí nǹkan náà ti tẹ́ ẹ lọ́rùn sí. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ mẹ́ta! A ti gbọ́ tí ẹnìkan túmọ̀ “What is Lagos like?” sí “Kí ni Èkó fẹ́ràn?” Ẹni tí a bi náà ronú díẹ̀, ó ní, “Owó.” Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a béèrè.

“Rò” pàápàá kì í ṣe “think” gan-an. Bí a bá rí ẹni tí ó fi ọwọ́ lẹ́rán, tí kò fọhùn, a ó bi í pé, “Kí ni ẹ ń rò?” Ìyọnu ni a ń béèrè, kì í ṣe èrò. Ìrònú lẹ́nu wa súnmọ́ ìbànújẹ́ ju ìmọ̀ràn lọ. Ẹni tí ìrònú bá bá, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò máa tù ú nínú ni. Nítorí náà nígbà tí ògbufọ̀ bá kọjú sí àgbà tí ó wí pé “Kí ni ẹ ń rò?” nítorí pé ó gbọ́ “think”, ó ti béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni “rò” kan náà tún ń jẹ́ sísọ: a ń rojọ́, a ń ròyìn, a sì ń wí pé “ẹ rò ó fún wa.” Àwọn baba wa kò ya ohun tí ó wà nínú ọkàn sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ohun tí a gbé sẹ́nu. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìbéèrè tí a ń gbọ́ jù lọ ní àfin àti ní ìgbìmọ̀ kì í ṣe “Kí ni ẹ rò?” rárá, bí kò ṣe “Kí ni ẹ wí sí i?” Ohun tí o lè wí lójú gbogbo ènìyàn ni èrò rẹ nínú ìgbìmọ̀. Èyí tí o fi sínú, ìwọ àti orí rẹ ni.

Ti ọ̀wọ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ti ìgbà àtijọ́ ní “thou” fún ẹnìkan, ó sì ní “ye” fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú Bíbélì wọn tí a tẹ̀ ní ọdún 1611, ìbéèrè tí Jésù bi àwọn Farisí nípa Kristi, ní orí 22 ìwé Mátíù, kò ní “do” nínú. Ọ̀rọ̀ ríronú ni ó ṣáájú, ẹni tí a ń bi ni ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìgbà náà ni “do” di dandan nínú ìbéèrè, tí “thou” sì kú lẹ́nu àwọn ará ìlú ńlá wọn. Láti ìgbà náà, “you” kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe ọmọ ọwọ́ àti ọba. Ẹni tí ó bá bi Ọ̀sọlọ̀ ti Ìsọlọ̀ pé “What do you think?” àti ẹni tí ó bi ọmọ tí ń ta omi tútù ní Òṣòdì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó jáde lẹ́nu wọn. Àwa ní “o” àti “ẹ”, a sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jókòó sí.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kò wá ní ọ̀wọ̀ ni? Ó ní i. Ibòmíràn ni ó fi pamọ́ sí. Ó yọ ọ́ kúrò lára ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì fi í sára ọ̀rọ̀-ìṣe. “What would you say?” ní ọ̀wọ̀ ju “What do you say?” lọ. “Might I ask what you think?” tún ju ìyẹn lọ. Bí ó bá sì fẹ́ bọlá fún àgbà gidi, kò ní béèrè mọ́ rárá, yóò wí pé, “I wonder what you would think of it.” Ìbéèrè ni èyí, bí kò tilẹ̀ ní àmì ìbéèrè nínú ìwé. Ògbufọ̀ wa gbọ́ “I wonder”, ó sì wí fún àwọn olóyè pé, “Wọ́n ní ẹnu ń ya àwọn sí ohun tí ẹ óò rò.” Àwọn olóyè wo ara wọn lójú. Kí ni àwọn ṣe tí ó ń ya àlejò lẹ́nu? Ohun tí ọkùnrin náà ń wí ní tòótọ́ kò ju pé, “Ẹ dákun, Bàbá, a fẹ́ gbọ́ láti ẹnu yín.” Ó kúnlẹ̀ ní èdè tirẹ̀, ògbufọ̀ gbé e dìde, ó sì mú un nàró níwájú àgbà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà, a kò sì ní fi bò. Àwa náà ní ìdáhùn tí Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀. Bí olóyè bá wí pé, “A ti gbọ́,” kò tíì gbà. Ó wí pé ọ̀rọ̀ dé etí òun ni. Bí ó bá wí pé, “Ohun tí ẹ bá wí náà ni,” nígbà mìíràn ìtẹríba ni, nígbà mìíràn ó ti bínú. Bí ó bá wí pé, “A ó fi orí kan orí,” ó kọ̀ láti dáhùn lónìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ti rí nínú ìwé ìpàdé tí a kọ wọ́n sí “agreed”. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ wa, àwọn kékeré ni a kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dẹ́nu lé ohun tí àgbà ti wí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ọgbọ́n yìí; ní ilé-ẹjọ́ àwọn ológun wọn, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni ó kọ́kọ́ ń sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ bá dé àárín ìlú, Bàbá tí ó dàgbà jù ni ó máa ń kọjú sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó rò pé òun bọ̀wọ̀ fún un. Lẹ́yìn tí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni yóò tún la ẹnu?

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ ọjà kékeré kan kò tó ohun tí a ń kígbe lé lórí. Ará Òṣòdì kọ́ ni yóò wí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni a wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ ní Òṣòdì. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ọjà Owónifáàrí lọ pẹ̀lú, a sì ní kí àwọn oníṣòwò kó lọ sí ọjà mìíràn ní Bọ́ládé. Ní ọdún 2019 ni a ṣí ibùdó ọkọ̀ ńlá tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Àwa kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà padà sílẹ̀. Àwọn tí ó dára fún wà, àwọn tí ó sì sọ wọ́n di aláìní wà. Ohun tí a ń wí ni pé níbi tí ìsọ̀ ènìyàn ti lè lọ láàárín òwúrọ̀ kan, “bẹ́ẹ̀ ni” tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ wo ilé-ẹjọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 70, gbà pé bí ọ̀rọ̀ àṣà ìbílẹ̀ bá dé iwájú adájọ́, èrò àwọn ọba, àwọn olóyè àti àwọn mìíràn tí ó ní ìmọ̀ àṣà náà jẹ́ ohun tí ilé-ẹjọ́ lè gbà wọlé. Ẹ̀yin olóyè tí ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni òfin ń tọ́ka sí. A ó pè yín, a ó sì bi yín ní èrò yín lórí ilẹ̀ ìdílé tàbí lórí oyè. Òfin kan náà mọ irú ìbéèrè tí ó ń fi ìdáhùn sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ fi bi ẹlẹ́rìí tirẹ̀ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n ó lè fi bi ẹlẹ́rìí ti ẹnìkejì. Agbẹjọ́rò ẹnìkejì yóò sì dìde pé: “You did not object to the sale, did you?” Bí ògbufọ̀ bá wí pé, “Ẹ kò lòdì sí títa náà, àbí ẹ lòdì sí i?” tí olóyè sì wí pé “Bẹ́ẹ̀ ni”, ta ni ó mọ èyí tí ó dáhùn nínú méjèèjì? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lè so rọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀ ni náà. Ìmọ̀ràn wa fún ẹlẹ́rìí ni pé kí ó fi “bẹ́ẹ̀ ni” àti “ó tì” sílẹ̀ nílé ní ọjọ́ náà, kí ó sì sọ gbólóhùn rẹ̀ délẹ̀: “Mo lòdì sí i,” tàbí “N kò lòdì sí i.” Kò sí ògbufọ̀ tí yóò ṣi èyí túmọ̀.

Àwọn adájọ́ àgbà ní London ti rí irú nǹkan yìí rí. Nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, tí ìgbìmọ̀ Privy Council dá ní ọdún 1921, Viscount Haldane kìlọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí a dá fún òfin ilẹ̀ wọn túmọ̀ bí àwọn ìbílẹ̀ ti ní ilẹ̀, àti pé ó yẹ kí á ṣọ́ra fún un. Ìdílé Oṣòdì ti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó náà gbé ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ kan náà, a sì dá a ní ọdún 1930. Bí adájọ́ tí ó jókòó sí London bá lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba gbogbo ìtumọ̀ “ilẹ̀” wa mọ́ra, kí ni ó ń dí àwa lọ́wọ́ láti mọ̀ pé kò gba gbogbo ìtumọ̀ “bẹ́ẹ̀ ni” wa mọ́ra pẹ̀lú?

Ìtàn orílẹ̀-èdè wa kò ṣàìní ẹ̀kọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí òfin ìjọba ti Gómìnà Richards bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, ẹ̀sùn tí àwọn aṣáájú wa fi kàn án jù ni pé a kò bi ará ìlú léèrè. Macpherson tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1949 a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí abúlé àti ìlú, láti ibẹ̀ dé ìpàdé àgbègbè, títí ó fi dé àpéjọ gbogbogbò ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 1950. Ìyẹn ni pé a bi ènìyàn kí á tó ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bíbéèrè nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kejì ọdún 1961, a bi àwọn ará Cameroons tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹ́ gba òmìnira nípa dídarapọ̀ mọ́ Nàìjíríà tàbí mọ́ orílẹ̀-èdè Cameroun. Apá àríwá bá Nàìjíríà lọ, apá gúúsù bá Cameroun lọ. Ẹni tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dá dúró fúnra rẹ̀ kò rí ibi tí yóò fi ìwé ìdìbò rẹ̀ sí, nítorí pé ẹni tí ó kọ ìbéèrè kò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Agbára ẹni tí ń béèrè pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Kí ni a ń fẹ́, nígbà náà? A kò wí pé kí á má sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tìkára wa ń fi í jẹun. A ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe ògbufọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, ní kóòtù àti ní ìpàdé ìlú mọ̀ pé èrò ẹni tí ó béèrè ni wọ́n ń gbé kọjá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbọ́ “Don’t you think the market should be moved?” kí wọ́n wí pé, “Wọ́n fẹ́ kí ọjà sún sẹ́yìn. Ṣé kí ó sún ni, àbí kí ó dúró? Kí ni ẹ wí sí i?” Wọ́n á ti fi hàn pé olùbéèrè ní ibi tí ó fì sí, èyí tí “kò” rẹ̀ fi pamọ́, wọ́n á sì ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” lásán, kí wọ́n tún béèrè pé, “Bẹ́ẹ̀ ni kí ó sún, Bàbá, àbí bẹ́ẹ̀ ni kí ó dúró?” Kò sí àgbà tí yóò bínú sí i. A ń fẹ́ kí akọ̀wé kọ ohun tí a wí ní Yorùbá sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó tó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì ka méjèèjì sí àwọn àgbà létí kí ìpàdé tó tú. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 97, fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí tí ìpàdé ọjà yóò fi le ju ilé aṣòfin lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ńkọ́? Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ yín jù, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ń jókòó síbẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ àṣìṣe náà bí àwa ti gbọ́ ọ, tí ẹ sì ń dákẹ́ bí àwa ti dákẹ́. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, kò sí ẹni tí ó ti kó ọ̀rọ̀ wa jọ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tí òun lè wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Àwa ní ìwé ìtumọ̀ lóríṣiríṣi lónìí, a sì ń túmọ̀ “I wonder” sí “ẹnu ń yà mí”.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà béèrè èrò jọ ní àgbègbè yìí, láti Máfolúkù dé Èjìgbò. Àwọn tí ó ti wà lọ́wọ́ wa ni “Kí ni ẹ wí sí i?”, “Báwo ni ẹ ti rí i sí?”, “Ojú wo ni ẹ fi wò ó?”, “Kí ni ẹ rí sí i?”, “Kí ni ìmọ̀ràn yín?” àti “Ẹ dá sí i.” Ẹ̀yin tí ẹ mọ òmíràn, pàápàá èyí tí a ń lò nínú ìgbìmọ̀ àwọn ìyálọ́jà, èyí tí àwa ọkùnrin kì í sábà gbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò tí ẹ ti gbọ́ ọ àti ìdáhùn tí a máa ń fún un. A ó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé oṣù tí ń bọ̀, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ògbufọ̀.